Ìtọ́jú Tó Ń Rẹ Ìyá

Ẹ bá mi yin ọmọ rere tó fẹ́ tọ́jú ìyá rẹ̀, tó sì rí i dájú pé gbogbo èrò ọkọ̀ gbọ́! Nínú tasí Sakẹ́tẹ́ tí à ń dúró kó kún ní Pobẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀kan, tó ń ti ojú fèrèsé bá ìyá rẹ̀ tó sìn ín wá sọ̀rọ̀.

"Màámi, ẹ ti dàgbà. Ẹ kó wá sọ́dọ̀ mi, kí ẹ wá sinmi."

"Ṣé irú ìsinmi tèṣí náà ni? Èmi ni mò ń wẹ àwọn ọmọ rẹ, èmi ni mò ń mú wọn lọ sílé ìwé, èmi náà ni mò ń fọ aṣọ. Ìyàwó rẹ ní ara mi ń le sí i."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ò lè jókòó lásán."

"Ọmọ mi, ìtọ́jú yín yẹn ń rẹ̀ mí."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bó bá wá di pé ẹsẹ̀ yín ò gbé yín mọ́ ńkọ́?"

"Kọ́ yàrá kan sẹ́yìn ilé mi níbí láti ìsinsìnyí. Bọ́jọ́ náà bá dé, ìwọ ni kó o kó ẹrù rẹ wá."

Mo rẹ́rìn-ín títí a fi dé Sakẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo pe ìyá tèmi pé kí wọ́n wá sinmi lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó mi fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ wa ò sì tíì mọ̀ ọ́n rìn.