Ìbọ̀sẹ̀ Mẹ́rin fún Ilé Àna

Ìyá méjì tò síwájú mi níbi tí a ti ń sanwó nínú mall kan ní ìlú Buford lókè òkun, èyí tó jẹ́ àbúrò nínú wọn sì kó ìbọ̀sẹ̀ funfun mẹ́rin dání.

"Kí lo fẹ́ fi gbogbo ìbọ̀sẹ̀ yìí ṣe?"

"Ti Saturday ni, Aunty. Àwọn òbí ọmọ tí ọmọkùnrin mi fẹ́ fẹ́ ní ká wá bá àwọn lọ sí ọgbà àwọn ẹlẹ́sìn Buddha. Wọ́n ní èèyàn máa ń bọ́ bàtà kó tó wọlé."

"Níbi ère Buddha gàgàrà yẹn? Ìwọ, odidi deaconess! Sọ fún wọn pé o ní shift."

"Mo ti gba off. Ṣé ẹni tó wá tọrọ ọmọ ló máa yan ibi tí wọ́n ti máa gbà á lálejò? Bàbá ọmọkùnrin mi ń lọ, àbúrò ẹ̀ náà ń lọ. Ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe, àna mi ni wọ́n."

"Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò ní kúnlẹ̀ fún ère. Ìyá ọmọ ni màá kúnlẹ̀ kí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Tó bá wá jẹ́ pé iwájú ère gan-an ni ìyá ọmọ dúró sí ńkọ́?"

Ẹni tó ń gbowó pe àbúrò. Ó kó ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé orí káńtà.

"Màá kúnlẹ̀ náà ni, Aunty. Ọlọ́run tó ń wò mí mọ ẹni tí mo ń kí."