Dàpọ̀ Kò Sí Ní Ìparí Àdírẹ́sì

Ẹ̀yin ará, mo dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í gbàgbé orúkọ ẹnì kankan. Ẹ bá mi ké halelúyà, kó dé Ṣógúnlé! Èmi Ìyá Dàpọ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé ó di oṣù mẹ́jọ tí a sin Dàpọ̀ ọmọ mi, tó fi oyún sílẹ̀ sára Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí oyún gbó, ọmọ dábùú nínú. Dókítà kan ní Okota sọ pé iṣẹ́ abẹ ni, ká sanwó kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ronkẹ́ ọmọ mi tó wà ní Kánádà ní báńkì á pẹ́, kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lòun máa fi ránṣẹ́. Ó ní kí Bùkọ́lá fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe ti ojúlé o. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni, gbọọrọ bí ìlà eèrà. Bùkọ́lá ṣe kọ́pì rẹ̀ nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, àpò owó orí fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i.

Kò pẹ́, Ronkẹ́ pè. "Màámi, ó ti lọ o!"

Bùkọ́lá wo fóònù. Òfo. A retí títí, òfo. Ronkẹ́ ní lọ́dọ̀ tòun, owó ti dé ọwọ́ ẹni tó ni àdírẹ́sì náà. Háà! Ta ló ni ín?

Mo gbé e lọ sínú àdúrà. Ẹ ṣáà mọ bébà tí a máa ń kọ ẹ̀bẹ̀ sí, tí a ń kó síwájú pẹpẹ. Mo ní kí Bùkọ́lá gbé wọ́lẹ́ẹ̀tì náà sójú mi kí n fi bírò kọ àdírẹ́sì yẹn fún Ọlọ́run. Ó gùn jù. Lẹ́tà márùn-ún ìgbẹ̀yìn nìkan ni mo rí kọ. Olóògbé Àǹtí Fọlákẹ́, tí wọ́n kọ́ wa ní ìwé kíkà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ní ká máa fi orúkọ ẹni tí a mọ̀ mú lẹ́tà. Mo ń kọ, mo ń pè: K Kíkẹ́, T Táíwò, B Bísí, R Rẹ̀mí, D Dàpọ̀.

Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín. "Màámi, àdírẹ́sì lẹ kọ yìí àbí rẹ́gísítà ẹgbẹ́ ìyá?"

Ní Ọjọ́bọ̀, Ronkẹ́ ta mọ́tò rẹ̀. Ó ní èyí tó kù nìyẹn, kò sí òmíràn mọ́. Ọ̀sán gangan ni. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kankan ò ké, àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Bùkọ́lá tún ṣe kọ́pì, ó tún tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ronkẹ́ ń dúró lórí fóònù tèmi. Mo yọ bébà mi tí mi ò tíì kó síwájú pẹpẹ, mo fi ìka tọ ìlà tó ti lọ sọ́dọ̀ Ronkẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti wọ́lẹ́ẹ̀tì mu. Mo dé ìparí: x, q, z, v, q. Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, mi ò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, láàyè tàbí lókùú!

"Ronkẹ́, má tẹ̀ ẹ́ o!"

"Màámi, ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀!"

"Gbé e kúrò, mo ní! Dàpọ̀ ò sí ńbẹ̀!"

Bùkọ́lá wò mí bíi pé ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú. Lòun náà bá wo ìlà yẹn. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú mi. Nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, Dàpọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá ti kọjá sọ́dọ̀ Ronkẹ́, àjèjì yẹn ló ń dé. Ó dà bí ẹni tó gbé ojú ojúlùmọ̀ wọ̀, tí o wá wo ẹsẹ̀ ẹ̀, tí ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀.

A fi kọ́pì sílẹ̀. Bùkọ́lá ń fi ìka tọ́ka sí i, èmi ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí Ronkẹ́ létí, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, mo ní, "D, Dàpọ̀." Ronkẹ́ náà ní, "D, Dàpọ̀." Owó wọlé!

Sùnkànmí tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà wa ní nǹkan kan ti wọ inú fóònù náà, ó ń lúgọ. Béèyàn bá ti ṣe kọ́pì àdírẹ́sì, á fi ti olè tó rán an pààrọ̀ rẹ̀. Owó àkọ́kọ́ ò padà, mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ. Bùkọ́lá ti pa fóònù yẹn, ó ní òun ò fẹ́ kó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ.

Torí ọmọ wà! Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé ọmọkùnrin jáde, ó ń ké tòò. Oṣù mẹ́fà ni D fi jẹ́ ti òkú lẹ́nu mi. Ẹ wò ó lẹ́yìn Bùkọ́lá lọ́hùn-ún yẹn, ó ti pé oṣù méjì: D, Dámiláre. Ògo ni fún Olúwa! Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi pe orúkọ yẹn sókè, kó dáhùn.