Ọbẹ̀ Àtẹ́ Ràfátù

Ẹ̀yin ará, kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá gbogbo wa gbé. Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, kí àwọn tó wà lóòrùn náà lè rí ibòji. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀ lónìí. Amánà ni ara tí Ọlọ́run fún wa yìí, a ó sì jíhìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni irọ́ tí èèyàn fi ìfẹ́ pa, irọ́ náà ni. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ rọra, ó ń bọ̀ wá kàn yín.

Télọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Mùdáṣírù, agbádá ló ń rán. Láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, orí ìjókòó ló wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú un. Lọ́dún kìíní, oògùn kan ni wọ́n fún un. Nígbà tó di ọdún kẹrin, hóró mẹ́rin ló ń dà sẹ́nu láràárọ̀, kò sì sóhun tí kì í jẹ. Bí ìyàwó rẹ̀, Ràfátù, bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ìyá Bàṣírù, kí wá ni iṣẹ́ oògùn? Ṣebí kí n lè máa jẹun ni mo ṣe ń lò ó!" Ṣé irú wọn ò sí níbí? Ẹ má wojú ara yín o.

Olùkọ́ àwọn ọmọdé ni Ràfátù, ó mọ ìbéèrè bi. Lọ́jọ́ tí dókítà fẹ́ kọ oògùn karùn-ún, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé bí oògùn yìí á ṣe máa lé sí i nìyí títí láé? Ṣé kò sóhun tí àwa náà lè ṣe nílé?"

Àwọn tó wà nítòsí ń wò ó bí aláfojúdi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká béèrè ni? Àsítágàfúrúláì! Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní ká bi àwọn tó nímọ̀.

Dókítà náà, obìnrin ni, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀nba èèyàn ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ kù gan-an. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín dín òkèlè kù, kí wọ́n máa rìn. Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá wálẹ̀, èmi fúnra mi á yọ lára oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra yín o. Ẹ jẹ́ ká jọ máa wò ó."

Bí Ràfátù ṣe délé, ó sọ ọbẹ̀ di àtẹ́. Òun àtàwọn ọmọ jọ ń jẹ ẹ́, kó má dà bíi pé ọkọ òun nìkan ló wà lẹ́wọ̀n. Ata, àlùbọ́sà àti efinrin ló fi ń wá adùn. Bí wọ́n bá kírun Súbúhì tán, tọkọtaya á fẹsẹ̀ rìn dé ibi afárá. Lóṣù kìíní, Mùdáṣírù ń kùn. Nígbà tó di oṣù kẹta, òun ló ń jí ìyàwó. Dókítà yọ oògùn kan, ó tún yọ ìkejì. Lọ́jọ́ náà, ayọ̀ pa Ràfátù lẹ́kún nínú ọgbà ọsibítù.

Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ, Alhaja Wúlẹ̀mọ́tù, wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bó ṣe rí ọmọ rẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Mùdáṣírù, ìwọ lo rù báyìí?"

"Màmá, ara mi yá. Ìgbà tí mo sanra gan-an ni mo ṣàìsàn."

"Dákẹ́! Wọ́n ń febi pa ẹ́, o ní ara ẹ yá." Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó tu ú dànù. "Àtẹ́! Iyọ̀ ni mo fi kàn ẹ́ lẹ́nu lọ́jọ́ súná ẹ, nígbà tí à ń sọ ẹ́ lórúkọ. Ohun tí mo fi súre fún ẹ ló wá di májèlé?"

Ẹ má bi mí ìdí tó fi fi iyọ̀ ṣe súná. Wáàsí ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ràfátù kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Alhaja ní, "Ó dáa, ìyàwó, mo ti gbọ́." Ṣé ó gbọ́? Wàláì, kò gbọ́. Ó so iyọ̀ mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Bí Ràfátù bá bu oúnjẹ ọkọ tán tó yíjú, ìyá á wọ́n ọn sí i.

Lọ́jọ́ kìíní, Mùdáṣírù fi kan ẹnu, ó sì wojú ìyá rẹ̀. Ìyá fi ìka dí ẹnu. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé ìgbọràn sí òbí la máa pe ìyẹn? Àbí ọ̀fun ló ń dá yín láre?

Oṣù méjì kọjá. Wọ́n dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà béèrè pé, "Ṣé ẹ ti padà sí oúnjẹ àtijọ́ ni?" Mùdáṣírù ní rárá. Ràfátù ní, "Mo fi Ọlọ́run búra, dókítà, kò sí iyọ̀ nínú ìkòkò mi." Wọ́n dá oògùn méjèèjì padà. Ràfátù darí sílé, ó ń wá ẹ̀bi ara rẹ̀ kiri. Ó yọ irú kúrò nínú ọbẹ̀, ó yọ ẹja gbígbẹ. Ó ń ṣàdúà pé kí Ọlọ́run fi ibi tí òun ti kùnà han òun. Alhaja ń gbọ́ àdúà yẹn o. Ó ń ṣe àmín sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń rìn bọ̀ láti ibi afárá, ẹsẹ̀ òsì Mùdáṣírù kọ̀, ẹnu rẹ̀ yí, ó ṣubú lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹta ló jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni.

Lọ́jọ́ fidáù, àbúrò òkú dìde láàárín àwọn àlejò, ó nawọ́ sí Ràfátù. "Gbogbo ayé ló rí i bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rù. Ebi lobìnrin yìí fi pa á!" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ Ràfátù, omijé kan kò bọ́ lójú rẹ̀.

Alhaja dìde. Arúgbó ọlọ́jọ́ lórí náà rìn lọ síwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn pariwo pé èèwọ̀ ni, kò dìde. "Kì í ṣe ebi. Èmi ni. Mo ń fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀ bí o bá ti yíjú. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Ìyàwó, dárí jì mí."

Ohun kan ṣoṣo ni Ràfátù béèrè. "Màmá, ṣé ó mọ̀?"

Alhaja tẹ orí ba.

"Ó mọ̀," ni Ràfátù ń wí, "ó mọ̀, ó wá jókòó tì mí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fi Ọlọ́run búra nítorí rẹ̀." Ìgbà náà ni ẹkún bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni alfa tó ṣe fidáù ọjọ́ náà, mi ò sì rí wáàsí kankan ṣe.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè, ẹ ṣọ́ ẹnu yín, ẹ rìn, ẹ má sì da oògùn nù láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá yín jẹ ìyà kí ẹ lè yè, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Bí oúnjẹ bá sú yín, ẹ sọ. Bí ẹ bá ti yẹsẹ̀, ẹ sọ.

Ọlọ́run Ọba, fi orí jin Mùdáṣírù. Fi orí jin ìyá rẹ̀, tó ṣì ń kúnlẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ títí dòní. Tu Ràfátù nínú. Má jẹ̀ẹ́ kí á fẹ́ràn ọmọ wa dé ibi tí a ó ti pa wọ́n, má sì jẹ̀ẹ́ kí á sọ ẹni tó ń tọ́jú wa di òpùrọ́ níwájú Rẹ. Fi ọ̀nà hàn wá. Àmín.