Abọ́ Tí Ẹ Gbé Kalẹ̀ Torí Ìkíni

Ẹ tún un sọ, Akọ̀wé mi, ẹ tún un sọ kí etí mi gbọ́ ọ dáadáa! Ègé ẹ̀dọ̀fóró ọkọ mi, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì nínú yàrá ìwádìí yín, torí pé ọ̀gá yín ń kọjá lọ, ẹ sì fẹ́ kí i? Yéè, mo gbé!

Rárá, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ jókòó. Àbúrò ọkọ, ọkọ náà ni, mi ò gbé ohùn sókè sí yín rí, àmọ́ lónìí ẹ máa gbọ́ ohùn mi. Ṣebí orí àga yìí náà lẹ jókòó sí tí ẹ ń ṣàlàyé fún èmi àti ẹ̀gbọ́n yín? Ẹ ní oníṣẹ́ kan wà nínú iṣan ọ̀nà èémí tó ń sọ fún iṣan pé kó dẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ráyè kọjá, ẹ́ńsáìmù sì wà tó ń gé oníṣẹ́ náà wẹ́wẹ́ kó tó jíṣẹ́ tán. Ẹ ní oríṣiríṣi ni wọ́n, ẹ fẹ́ mọ èyí tó ń ṣọṣẹ́ jù nínú ẹbí yín, kí dókítà lè mọ oògùn tó máa dè é lọ́wọ́ fún ọmọ mi. Ta ló sọ fún mi pé bí wọ́n bá gé ẹ̀dọ̀fóró náà kúrò lára èèyàn pàápàá, ẹ́ńsáìmù náà ò ní dáwọ́ dúró, àfi tí ẹ bá sọ ọ́ sínú òtútù líle lójú ẹsẹ̀? Ẹ̀yin kọ́?

Òtútù ọ̀hún wà níwájú yín! Ọ̀gá ń béèrè àlàáfíà ilé, ẹ ń dáhùn, ẹ ń tẹríba, ẹ́ńsáìmù ń jẹ oníṣẹ́ náà lọ nínú abọ́ títí kò fi ku ohun tí ẹ̀rọ lè rí. Ìkíni ò burú, àmọ́ ṣé ọ̀gá yín ni ikọ́ fée ń ṣe ni?

Ọkọ mi ò jí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti gé ègé náà, mo ti sunkún ìyẹn, mi ò dá ẹnì kankan lẹ́bi. Àmọ́ kí wọ́n tó tì í wọlé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bí mi ò bá jáde, ogún ọmọ mi wà lọ́wọ́ àbúrò mi." Kò ní ilẹ̀, kò kọ́lé, ogún rẹ̀ nìyẹn o! Nígbàkigbà tí àyà ọmọ náà bá ń súfèé, màá gbé aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, màá ní fara dà á, bàbá rẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹ. Àṣé irọ́ ni mò ń pa fọ́mọ! Ibo la ti fẹ́ rí òmíràn? Ṣé ká lọ hú u ni?

Ẹ gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí nínú yàrá yẹn. Ó ti gbọ́ ohùn yín, ó ń retí yín. Ẹ dìde. Ẹ wọlé lọ sọ fún un fúnra yín. Ẹ má sì kí i o, Akọ̀wé mi. Ìkíni yín ti tó wa.