Ihò tí Cornelius Fi Ìdí Dí

Ẹ̀yin ará èbúté wa, ẹ̀yin ará Agosasa tẹ́ ẹ ń wọkọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ fi àjẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jò nínú mi láti ìgbà òjò tó kọjá. Mo gbọ́n ọn, mo gbọ́n ọn, kò tán. Lónìí mo fẹ́ dà á síta. Èmi Ọdẹkúnlé ni, èmi tẹ́ ẹ mọ̀ sí aláwàdà. Tí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, ẹ ó ní mo tún ti dé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó sá tẹ̀lé ẹja lọ. Ẹnu mi ti gboyè nínú irọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò tíì wọ kíláàsì yẹn, nítorí náà ẹ gba ohun tó kọ gbọ́: iṣẹ́ Cornelius káfíńtà ò bàjẹ́ rí. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ̀ tí èmi àti Sẹ̀kínát ìyàwó mi ń gbé lórí odò Yewa. Cornelius ló kàn án fún wa, tòun ti òrùlé páànù, tòun ti ibi ìdáná. Ọkọ̀ náà gùn débi pé tí òjò bá ń rọ̀ níwájú rẹ̀, Sẹ̀kínát á máa sá ẹ̀gẹ́ sóòrùn lẹ́yìn. A ò nílé lórí ilẹ̀, a ò sì wá a. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ lèmi àti Cornelius. Ọmọ Ègùn ni, "mọ̀nàmí" ló ń pè mí, ìyẹn ọ̀rẹ́ mi, èdè Faransé tó gbé wọlé láti òdìkejì bọ́dà. Bẹ́ẹ̀ la wà títí mo fi gbé akàn sínú fìlà rẹ̀ níbi ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Akàn náà tó ọmọ ewúrẹ́. Cornelius ṣí fìlà láti kí àwọn àna tó wá láti Ìlaròó, akàn ti di irun rẹ̀ mú bí awakọ̀ tó di ìtọ́kọ̀ mú. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Cornelius nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà mo di "ọ̀gbẹ́ni" lẹ́nu rẹ̀, tá a bá sì pàdé lójú omi, á máa wo igbó.

Sẹ̀kínát ní, "Bàbá Rodiat, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Èmi? Nítorí akàn?"

"Nítorí ọ̀rẹ́ yín. Ẹ ò rí i pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun yín mọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ó yá mi lára kí n gbé ìdákọ̀ró mì tòun tokùn ju kí n sọ pé "jọ̀ọ́" lọ. Ẹ sì mọ òfin èbúté wa: ọwọ́ tó kan ọkọ̀ ló ń tún un ṣe. Káfíńtà mìíràn ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ọn, ẹni tó kàn án náà ò sì gbọdọ̀ kọ ìpè, ìjà yòówù kó wà nílẹ̀. Òfin yìí ni mo rò títí. N ò ní dì í ru èṣù, orí mi yìí náà ló rò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sẹ̀kínát ń se ọbẹ̀ lẹ́yìn, mo wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mo fi ìwọ̀ ẹja fa òwú tí Cornelius fi dí àárín pákó méjì. Díẹ̀ ni mo fẹ́ fà, kómi kàn máa sun bí imú ọmọ tí òtútù mú, kí n lè ránṣẹ́ pè é. Àṣé òwú Cornelius ò mọ díẹ̀! Gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn jáde bí ìfun àgbò, omi sì rọ́ wọlé.

"Ẹ gbà mí o! Ìkòkò ọbẹ̀ mi ń lúwẹ̀ẹ́ lọ!" Igbe Sẹ̀kínát nìyẹn. Ọmọ Ayétòrò ilẹ̀ gbígbẹ ni, kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kó tó pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kejì ó ti wà lórí páànù. Èmi aláìnítìjú yìí, ìwọ̀ ni mo kọ́kọ́ jù sómi kí n tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá, kí Ọlọ́run má ṣe fi àánú dù yín. Ẹ so wá mọ́ igi ọ̀pẹ, ẹ fi garawa, ẹ fi igbá gbọ́n omi. Cornelius ló kọ́kọ́ bẹ́ wọlé. Kò rí nǹkan kan fi dí i, ló bá jókòó lé ihò náà, ó fi ìdí dí i, ó ń pariwo pé kí wọ́n ju òwú àti ọ̀dà sóun. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí omi fi gbẹ.

Ibi tó burú jù ló kù yìí. Bàbá Akínbọ̀wálé, tó ti kó pákó fún Cornelius pé kó kan ọkọ̀ tuntun fóun, bi í pé, "Cornelius, kí ló dé?"

Cornelius tẹrí ba. "Ọwọ́ mi ni, Bàbá. Ó jọ pé n ò dí i dáadáa."

Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Mo rí ojú gbogbo yín lára mi, ni mo bá ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre! Pákó kan ti ń di méjì lójú rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀, kó gbé igbá ìgbọ́nmi dání!" Ẹ rẹ́rìn-ín. Bàbá Akínbọ̀wálé kó pákó rẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà tó kù náà tẹ̀lé e. Cornelius gbé irinṣẹ́ kọ́, ó lọ ń já ẹrù lára tírélà ní Ìdí-Ìrókò, pẹ̀lú irun funfun lórí.

Ẹ wò ó, èmi wá ń jayé! Gbogbo ìgbà tó bá ti Ìdí-Ìrókò dé, á wá fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ojú òwú wò. "Mọ̀nàmí, ṣé kò jò?" Á tún máa bẹ̀ mí pé iṣẹ́ òun ló fẹ́ rì wá sómi! A ó jọ jẹun, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Mo sanra lórí irọ́ náà bí ìgbín lórí ewé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé òòlù onígi rẹ̀ wá fún Sẹ̀kínát. "Ìyàwó mi, ẹ fi dáná. Ó ti gbẹ dáadáa." Sẹ̀kínát ti tì í sábẹ́ ìkòkò kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ti wà nínú iná. Mo fa òòlù náà yọ, mo sì jẹ́wọ́ tìwọ̀tìwọ̀.

Sẹ̀kínát fi ṣíbí ọbẹ̀ gbá mi lórí. "Èmi tí n ò mọ̀ ọ́n wẹ̀!" Cornelius nu eérú kúrò lára òòlù, ó wo odò títí ọbẹ̀ fi jóná. Ó wá ní, "Wa ọkọ̀ lọ sí èbúté."

Nígbà tá a débẹ̀, lójú gbogbo èrò, ó fa òwú ojú pákó yẹn gan-an yọ, ó na ìka sí ihò náà. "Jókòó. Sọ fún wọn. Tó o bá dákẹ́, èmi náà á dáwọ́ dúró." Mo jókòó lé ihò náà nínú omi, mo ń sọ̀rọ̀, Cornelius ń fi òòlù gbá òwú padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí mo bá dákẹ́ láti mí, òòlù á dákẹ́. Ẹja kan gé mi jẹ níbi tí n ò lè kọ síwèé.

Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni mo kọ èyí fún, Bàbá Akínbọ̀wálé pàápàá. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó pákó yín padà. Ẹ gbọ́? Mo mà ti mọ̀ ọ́n sọ wàyí: ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ ọ̀rẹ́ yín padà, ẹ fi ẹnu fà á, ẹ má fi ìwọ̀ fà á.

Nígbà tí òòlù dákẹ́ pátápátá, mo bi Cornelius pé ṣé ó ti dárí jì mí. Ó kun ọ̀dà tó kù, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Mọ̀nàmí, dìde ná, ká wò ó bóyá ó ṣì ń jò."

Mo dìde. Kò jò.