Òkun Dá Ọkọ Mi Padà

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, bí ẹ bá rí i tí mò ń sunkún, ẹ má rẹ̀ mí lẹ́kún. Omijé ọpẹ́ ni.

Èmi ni Ìyá Tìmí. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òkè-Ogbò níbí. Ọ̀rọ̀ Adéwálé ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má bínú pé mi ò ní máa pè é ní "wọ́n", Ìlódè la jọ dàgbà sí, ẹgbẹ́ ni wá.

Tí mo bá sọ iṣẹ́ ọkọ mi, àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà lòun náà, ṣùgbọ́n abẹ́ òkun ni kíláàsì tirẹ̀ wà. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n sì máa mí nísàlẹ̀ omi láàárín ẹja. Ọmọ Ifẹ̀, níbi tí kò sí òkun! Èkó ló ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìdí ọkọ̀ ojú omi wò. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ kan gbà á ní erékùṣù kan ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń gbafẹ́. A gbààwẹ̀ lé iṣẹ́ yẹn lórí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí la ti dúpẹ́ nígbà tó bọ́ sí i. Ògo!

Níbẹ̀rẹ̀, bó bá pè mí lórí fóònù, ńṣe ló ń ṣe bí ọmọdé. "Abíọ́dún, mo rí ìjàpá òkun lónìí! Ó tóbi tó tábìlì wa! Ó wẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tiẹ̀ kà mí sí." Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ ń tù mí nínú.

Nígbà tó yá, ohùn yẹn yí padà. Kò sọ ti ẹja mọ́. Mo ní, "Wálé, kí lo rí lónìí?"

Ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan. Ojú àwọn tí mo mú wọ omi ni mò ń wò, kí ẹ̀rù má bà wọ́n, kí afẹ́fẹ́ wọn má tán. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní kan náà ni mò ń kọ́ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, wọ́n á wọ bàálù lọ, àwọn mìíràn á dé." Ó ní àwọn àlejò kan á dé ìdí ọkọ̀, wọ́n á wo òun lójú kòrókòró, wọ́n á ní, "Tíṣà wa dà?" bí ẹni pé aláwọ̀ dúdú ò lè kọ́ wọn.

Kì í ṣe òun nìkan o. Gbogbo tíṣà ibẹ̀ ni inú wọn ò dùn. Kò sí ọjọ́ ìsinmi. Etí ń dùn wọ́n, ẹ̀yìn ń ro wọ́n. Bí wọ́n bá jókòó lálẹ́, ìkùnsínú ni wọ́n fi ń jẹun. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Neema, ọmọ erékùṣù náà gan-an. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé, "Sístà, etí òkun yìí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n mi ò ráyè wẹ̀ nínú rẹ̀ fún ara mi mọ́." Nígbà tí wọ́n lọ bá ọ̀gá wọn, ọ̀gá ní, "Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó máa lọ. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ yìí pọ̀."

Mo ní, "Wálé, máa bọ̀ nílé."

Ó ní, "Bí mo bá wálé, òkun wo ló wà ní Ifẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀. "Olúwa, ọkọ mi ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kó jókòó sórí àga yìí, kó máa bá mi ṣàròyé pé ọbẹ̀ níyọ̀ jù." Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà nítòsí kò mọ iyì ariwo rẹ̀.

Àṣé etí ti ń dùn ún tipẹ́, ó ń fi pa mọ́, torí pé ẹni tí kò bá lè wọ omi, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nǹkan kan fọ́ nínú etí rẹ̀. Òòyì kọ́ ọ. Kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́! Ìsàlẹ̀ ló ń wẹ̀ lọ, ó rò pé òkè lòun ń lọ. Neema ló rí i. Ó gbá a mú léjìká, ó sì mú un gòkè díẹ̀díẹ̀. Ta ló fi Neema síbẹ̀? Jésù ni! Ẹ bá mi pariwo!

Dókítà ibẹ̀ ní, "Awọ etí rẹ ti ya, inú lọ́hùn-ún náà sì fara pa. Bí o bá tún wọ omi báyìí, o lè di adití." Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé ná.

Mo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú l'Ékòó. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí, èjìká mi ló dì mú títí a fi wọ mọ́tò. Etí kan tó fara pa yẹn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ nílé Ọlọ́run: ọkọ mi dé, kò dé. Òkun tó ń ráhùn sí, òun náà ló tún ń sunkún fún. Á jókòó sí fàráńdà, á ní, "Ní irú àkókò yìí, omi á ti mọ́ gaara." Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, á dẹ etí tó dára síbẹ̀, á di ojú. Mo jowú òkun, ẹ̀yin ará! Mo jowú omi!

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìlódè. Wọ́n wo ọmọ wọn títí, wọ́n ní, "Abíọ́dún, má bá a jà. Ohun téèyàn bá fẹ́ràn, bó tiẹ̀ na èèyàn lẹ́gba, àárò rẹ̀ á ṣì máa sọ ọ́. Jẹ́ ká gbàdúrà, ká sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà."

A ṣe méjèèjì. Pásítọ̀ àti àwọn ìyá àdúrà wá sílé wa léraléra, Ọlọ́run á san án fún yín. Dókítà elétí tó ń tọ́jú rẹ̀ níbí, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní, "Ìyá Tìmí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ń jiná. Ẹ má ṣáà jẹ́ kómi kàn án." Èmi àti Tìmí á dì í mú lọ́tùn-ún lósì, a ó máa rìn yí ilé po, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tún mọ ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ń dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní kíṣìnnì, mo gbọ́ ohùn kan láti pálọ̀: "Ta lò ń bú yẹn?" Mo sáré jáde. Orí àga ló dùbúlẹ̀ sí, etí tó dára wà lórí tìmùtìmù. Etí tó kú ló fi gbọ́! Ṣíbí ọbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣeun, Bàbá! Ẹ ṣeun, Jésù!

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. "Awọ etí ti pa dé. Ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ lójú omi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìsàlẹ̀ òkun yẹn, rárá o, sà. Mi ò lè fọwọ́ sí i láé." A délé, ó sunkún, èmi náà sunkún. Ẹkún ayọ̀ ni tèmi. Ẹkún ọ̀fọ̀ ni tirẹ̀.

Ọlọ́run kò dúró síbẹ̀! Neema pè wá. Ó ní lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi, gbogbo tíṣà para pọ̀, wọ́n kọ̀, wọn ò wọ omi, títí ọ̀gá fi gbà kí kálukú máa ní ọjọ́ ìsinmi, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá má sì pàdánù iṣẹ́. Ó ní ní ọjọ́ ìsinmi òun àkọ́kọ́, òun wẹ̀ nínú òkun títí oòrùn fi kan àtàrí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Ẹ̀dúnàbọ̀n tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wá tíṣà fún àwọn ọmọdé àti ìyá wọn. Ọkọ mi ni wọ́n mú. Ní Sátidé kan, ó ní kí èmi náà wọ inú omi. Èmi! Mo dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ní, "Abíọ́dún, ojú mi ni kó o máa wò." Ó fi awò omi bò mí lójú, a jọ ki orí bọ abẹ́ omi níbi tí kò jìn. Kò sí ẹja níbẹ̀. Táìlì lásán ni, àti ojú ọkọ mi tó ń rẹ́rìn-ín sí mi nínú omi. Gbogbo ayé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tó ń wù ú.

Ṣé ó ṣì ń wù ú? Ó ń wù ú o. Mi ò ní purọ́ lórí pẹpẹ. Bó bá rí òkun lórí tẹlifíṣọ̀n, á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á máa wò ó. Èmi náà á jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń kọrin nínú ilé.

Ìwọ tí iṣẹ́ tó o gbààwẹ̀ gbà ti korò lẹ́nu rẹ, Ọlọ́run ń gbọ́ ìráhùn rẹ. Ìwọ tí ẹni rẹ wà lókè òkun, tí ohùn rẹ̀ ti ń yí padà, má dákẹ́ àdúrà. Pè é. Bi í pé, "Ibo ló ń dùn ọ́?" Má jẹ́ kó fi pa mọ́. Ibi tí oòrùn ò dé, ojú Olúwa dé ibẹ̀.

Adéwálé, dìde, jẹ́ kí ìjọ rí ọ. Ẹ wò ó, kò di nǹkan kan mú. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run lógo!