Ìjókòó Ìyá Ọkọ

Láyé ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, mo ń dúró de lọ́rì ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan, tí ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ìbàdàn, kú síwájú àwa èrò, tí ìyàwó rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ó ní, "Baálé mi, n kò tì í mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti tì í láti Ìbàdàn, tí mo tún ń padà lọ jókòó sẹ́yìn bí ẹrù."

"O mọ̀ pé mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìyá. Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò yìí ṣáájú wọn. Ìbíadé tí wọ́n ń gbé kò jìnnà mọ́."

"Kí ni garawa omi yẹn wá ń ṣe lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ yín? Ṣé garawa ló bí yín ni?"

"Omi tí mọ́tò ń mu ni. Bí mo bá gbé e sẹ́yìn, yóò dà."

"Ó dáa. Ẹ máa lọ, èmi yóò wọ lọ́rì. Bí Ìyá bá bèèrè mi, ẹ ní mo ń ti ìjókòó wọn bọ̀ lẹ́yìn."

Mo ti dàgbà, n kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn: obìnrin tó ń ti ìjókòó ìyá ọkọ rẹ̀ láti Ìbàdàn.

Ọkùnrin náà wo mọ́tò, ó wo àwa tí à ń rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ mi ni mo ṣèlérí fún Ìyá, n kò ṣèlérí ìdí ọkọ̀. Wọlé síbí, kí o di sítíárìn mú. Èmi ni n ó tì í."

Obìnrin náà wọlé, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Ẹ fi agbára sí i o, baálé mi. Ìyá ń retí wa."